Ọ̀pá Télọ̀

Bí télọ̀ àdúgbò wa bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láàárọ̀, ó dà bíi pé wọ́n rán òun náà mọ́ àga. Ó ní ọ̀pá gígùn kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu, òun ló fi ń fa òwú, àlùmọ́gàjí àti aṣọ oníbàárà mọ́ra. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí ikú bá pè é, ọ̀pá ni yóò nà jáde.

Lọ́jọ́ kan, ó rí ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, tó jókòó gẹlẹtẹ, tó ń fi igi fa báàgì ìwé rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwọ yìí, ṣé o ò lẹ́sẹ̀ ni?"

"Mo lẹ́sẹ̀, Bàbá. Mo ń fi wọ́n pamọ́ bíi tiyín ni."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Èwo wá ni ti ọmọ tí àga bá bí? Ó gba igi náà, ó mú ọ̀pá tirẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣẹ́ méjèèjì. Ó wá lọ fi àlùmọ́gàjí kọ́ sára ògiri tó jìnnà jù.

Nígbà tó dìde láti lọ mú un gé aṣọ, orúnkún rẹ̀ ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

"Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín mú un."

"Rárá o! Ká jọ sáré lọ síbẹ̀."

Ọmọ ti fọwọ́ kan ògiri. Bàbá rẹ̀ ṣì ń bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n kò dúró.