Ọwọ́ Mùráínà Kò Kúrò Lórí Gíá

Wọ́n ní Mùráínà fi ẹ̀yìn wa tírélà láti Òrè dé Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí pé gíá iwájú kọ̀, kò wọlé. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ní Rolla, ní Sharjah níbí, búra lé e lórí. Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́: mo gbà pé gíá náà bàjẹ́, mo sì mọ ẹni tó bà á jẹ́.

Ọmọ Ìwó ni Mùráínà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, òun àti ọkùnrin méje ló jọ ń gbé yàrá kan ní Muhaisnah, ní Dubai. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta táìlì ló gbé Camry lé e lọ́wọ́, ọ̀tò, ọkọ̀ tó ń yan gíá fúnra rẹ̀. Tó bá ráyè ní ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń bá mi kó lẹ́ẹ̀sì àti bàtà tí mo rà ní ọjà Deira wá sílé ní Sharjah, kí n tó dì wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi l'Ékòó.

Àdúà ìrìn-àjò tí àwọn èèyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ṣe é nínú ọkọ̀ yẹn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn máa fi sí D ni, ẹ ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Mùráínà kì í jókòó jẹ́ẹ́. Tí iná bá ti ní ká máa lọ, á fà á sí L. Tó bá rìn díẹ̀, á tì í sí 2. Ká tó mí, ó ti dé D, ó sì tún ti ń fà á bọ̀. Ọkọ̀ á ké, á ta wá síwájú, bàtà ọjà mi á dà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ náà ò sinmi, ó ń tẹ kíláàṣì tí ẹnikẹ́ni ò fi síbẹ̀.

"Mùráínà, ọkọ̀ yìí mọ gíá tó yẹ kó wọ̀."

"Alhaja, ọkọ̀ ò mọ nǹkan kan. Dírẹ́bà ló mọ̀. Àwọn tó ń wa ọ̀tò yẹn, èrò ọkọ̀ ni gbogbo wọn, iwájú ni wọ́n kàn jókòó sí."

"Ó dáa. Èmi èrò ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn, jẹ́ kí n délé láàyè."

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Dubai wá dojú dé, tí wọ́n pa àwọn ilé gíga tì ní àkọ́kù, ta ló fẹ́ ra táìlì? Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Wọ́n gba Camry, wọ́n kánsù visa Mùráínà, wọ́n ní kó ríṣẹ́ mìíràn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí kó máa lọ sílé. Ìgbà yẹn ló wá bá mi, ohùn rẹ̀ ti já bọ́ sí gíá kìíní. Ọmọ rẹ̀ méjì wà ní yunifásítì. Tó bá padà sí Ìwó báyìí, ilé ìyá Tàíbátù ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa sùn.

Mo lọ bá Adéoyè, ọmọkùnrin tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó láti Deira. Ó ní bọ́ọ̀sì Hiace kan, oní-mánúà tí wọ́n ń fọwọ́ pààrọ̀ gíá rẹ̀, dírẹ́bà tó ń wà á sì ti padà sí Kerala ní Íńdíà. Mo sọ fún un pé mo mọ ọkùnrin kan tó ń pààrọ̀ gíá níbi tí kò sí gíá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìgbà tó bá rí gidi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí èmi Alhaja bá ti lè fọwọ́ sọ̀yà, òun máa ṣe visa fún un.

Mo fọwọ́ sọ̀yà. Mo mú Mùráínà wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n rí láísẹ́ǹsì yín," Adéoyè wí.

Mùráínà yọ ọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Adéoyè yí i padà, ó kà á, ó sì nà án sí mi. Ọ̀tò nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ní ìlú yìí, ẹni tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ bá wí bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wa mánúà.

"Àṣìṣe akọ̀wé ni," Mùráínà ní.

"Láti ọdún mẹ́fà?" mo bi í.

Ó wolẹ̀. "Wọ́n fèèlì mi lẹ́ẹ̀mẹta lórí mánúà. Ẹni tó dán mi wò ò mọ ọkọ̀. Ó ní mo ń pààrọ̀ gíá jù."

Adéoyè fọwọ́ bo ẹnu. "Kò burú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ kọ́ ọ díẹ̀, kí ẹ tún ìdánwò náà ṣe. Mo máa fi iṣẹ́ yìí dè yín fún ọ̀sẹ̀ méjì."

"Kí n jókòó ti tíṣà? Èmi tí mo wa tírélà láti Òrè?"

"Ẹ̀yìn lo fi wà á," mo ní. "Iwájú ni wọ́n ń lọ níbí."

"Alhaja, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àbúrò mi."

"Ta ló ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Ọdún mẹ́fà lo fi ń kọ́ mi ní ohun tí wọ́n fèèlì ẹ sí. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù fún ẹ ní ìlú yìí, Mùráínà, ẹ̀kọ́ ò sì tíì pa àgbàlagbà kankan. Èmi ni mo fi orúkọ mi dúró fún ẹ, kó o wá—"

"Khalas, Alhaja, ó tó." Ó mú láísẹ́ǹsì rẹ̀, ó dìde.

Ilẹ̀kùn gíláàsì ọ́fíìsì Adéoyè, fúnra rẹ̀ ló ń ṣí, ẹ kàn máa dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀ ni. Mùráínà ò dúró. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín rẹ̀, ó fi agbára yà á, ó jáde. Èmi sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.