Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lẹ́ Tí Tíṣà Sálómè Fi Igbe Sọ

Ní Èrúwà, bí ọyẹ́ bá ti mú, ilẹ̀ kì í tètè mọ́. Àwọn òrùlé ọ̀kánkán á dà bí ohun tí èèyàn rí lójú oorun, igi kajú ẹ̀yìn ilé á kàn máa hàn fìrìfìrì. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà Sálómè, tí èmi àti òun jọ ń gbé àdúgbò kan, máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, Bíbélì lórí itan, ife tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀.

Ìwé Òwe ló ń kà. Orí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ní, nítorí náà orí tó bá bá ọjọ́ oṣù mu ló ń kà. Bí oṣù bá kúrú, á ka ìyókù pọ̀ lọ́jọ́ ìparí. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ti ń ṣe é. Bó bá kà á tán, á kọ ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà sínú ìwé: "Lọ wo aláìsàn ọ̀kánkán." "Má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́rú, a máa ń pé bíi mẹ́wàá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, á sì máa là á yé wa. Kò fẹ́ràn kí èèyàn kàn kọ́ ẹsẹ̀ sórí. Á bi ọ́ pé, "Níbo lo ti lò ó lánàá?"

Ní ọjọ́rú kan nínú oṣù kìn-ín-ní, ẹ̀kọ́ wa bọ́ sí ibi tí Òwe ti ń sọ pé ìdáhùn pẹ̀lẹ́ máa ń rọ ìbínú. Bámiṣẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ nítòsí ilé ẹ̀kọ́ gíga Pólì, nawọ́ sókè.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Ta ló ṣòro fún ẹ̀yin alára jù láti bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́?"

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ló wí, bẹ́ẹ̀ a ò tíì dé ìdajì ẹ̀kọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lẹni náà, Ọláníyì, tó ń dáko ní abúlé kan lẹ́yìn Lánlátẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Nígbà ìsìnkú ìyá wọn, wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí wọ́n máa sin ín sí, Ọláníyì bá là á mọ́lẹ̀ níṣojú gbogbo ẹbí pé ẹni tí kò bímọ kò lóhùn níbẹ̀. Sálómè, tí kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" rí láyé, wò ó lójú, ó ní, "Ìwọ tó o bí mẹ́fà, èwo ló jọ ẹ́ nínú wọn?"

Ní ọjọ́ kejì ìbéèrè Bámiṣẹ́, Tíṣà gun ọ̀kadà lọ sí abúlé Ọláníyì. Ó sọ fún mi pé òun ò mọ̀ bóyá òun sùn tàbí òun jí lójú ọ̀nà náà. Àwọn ọ̀pẹ dúró nínú ọyẹ́ bí ẹni pé wọn ò ní ìdí, ebè iṣu ń kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí àgùntàn tó sùn. Ó ń tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sọ nínú ara rẹ̀. Ohùn tó máa fi sọ ọ́ pàápàá, ó ti yàn án, ohùn tó rọ̀ bí òwú.

Ọláníyì wà lábẹ́ àtíbàbà, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Orí rẹ̀ ti funfun. Sálómè kúnlẹ̀ sínú eruku lẹ́yìn rẹ̀.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ foríjì mí."

Ọ̀bẹ ń lọ, ọ̀bẹ ń bọ̀. Ó tún un sọ, ó tún rẹ ohùn sílẹ̀ sí i. Ọláníyì mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Tíṣà sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kan tó mú bí abẹ ti dé ètè òun, òun sì gbé e mì.

Màmá Babáfẹ́mi, ìyàwó Ọláníyì, ló yọ láti ilé ìdáná. "Àǹtí, wọn ò gbọ́ yín. Ó ti lé lọ́dún méjì tí etí wọn ti di. Àfi kẹ́ ẹ pariwo."

Sálómè ò tíì rò ó rí pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lè gba igbe. Ó fa èémí sínú, ó ké e débi tí àwọn adìẹ fi fọ́n ká: "Bùrọ̀dá mi, ẹ foríjì mí! Mo ṣi ẹnu lò sí yín! Gbogbo ọmọ yín ló jọ yín! Babáfẹ́mi, imú yín gan-an ló gbé!"

Sàlámì, aládùúgbò wọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá, dúró sójú ọ̀nà.

Ọláníyì yíjú padà. Ó wò ó pẹ́. "Sálómè?" Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Dìde nínú eruku. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ èyí tó burú. Ọjọ́ kan ò lọ kí n má rántí." Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan imú ara rẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n jọ bẹ ẹ̀gẹ́ tó kù. Nígbà tó yá, ooru ọ̀sán mú oorun wá, Tíṣà sì fẹ̀yìn ti òpó àtíbàbà. Ìgbà tó jí, oòrùn ti ń wọ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú ọyẹ́. Aṣọ ìbora àtijọ́ kan tó ń rùn bí èéfín wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó sí tòsí, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin kúrò lójú rẹ̀.