Ọ̀fọ̀ Tí Kò Lókùú

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá gbé ẹ̀rọ lọ sétí odò ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn Owódé Onírin, làwọn èèyàn bá mi kẹ́dùn òkú tí n kò mọ̀.

Iṣẹ́ wa ni láti fi sátẹ́láìtì mọ irú ewéko tó wà níbì kan. Àmọ́ lójú sátẹ́láìtì, ojúoró ò yàtọ̀ sí òṣíbàtà, ewé tútù ni gbogbo wọn. Àfi kí ẹnì kan gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ewé, kó ka bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, ká fi kọ́ sátẹ́láìtì lọ́gbọ́n. Ẹ̀rọ náà lójú kòkòrò: bí o bá wọ aṣọ títàn dúró tì í, á ka aṣọ rẹ mọ́ ewé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ dúdú látòkè délẹ̀.

Ọ̀gá mi, Aunty Fúnkẹ́, ti kìlọ̀ fún mi. Sátẹ́láìtì máa kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò sì ti kanlẹ̀kùn. Bí n kò bá rí nǹkan gidi mú bọ̀, ọ́fíìsì ni n ó máa jókòó sí. Èmi ò sì lè jókòó sójú kan.

Mo dorí kodò sórí omi nínú aṣọ dúdú mi nígbà tí Ìyá Kúdí, tí ilé rẹ̀ kọjú sódò, yọ sí mi.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé odò yìí ló gbé e lọ?"

Mo ní rárá, iṣẹ́ ni. Ó ní ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń sọ. Kí n tó pajú dé, ó ti pe àwọn aládùúgbò. Wọ́n yí mi ká pẹ̀lú àǹkárá olómi ọsàn àti jẹ́sì bọ́ọ̀lù pupa. Ìyá Kúdí wúre pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, èmi náà á lékè ìbànújẹ́. Mo ṣe àmín, inú ń bí mi. Ojúoró àti òṣíbàtà náà ni mò ń wá, jẹ́sì ni ẹ̀rọ ń kà.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ní a kì í fi ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. Oòrùn ti ń dé àtàrí.

"Mummy, kò sẹ́ni tó kú. Color aṣọ yín ló ń wọnú machine mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wọ dúdú."

Ìyá Kúdí wo àǹkárá ọrùn rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó sì yíjú sí wọn.

"Ẹ lọ wọ dúdú wá."

Wọ́n lọ lóòótọ́. Wọ́n kó aṣọ ọ̀fọ̀ àtijọ́ bọra, bàbá kan tiẹ̀ wọ kóòtù tó fi gbéyàwó. Wọ́n dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ka ewé ojúoró, mo ka ti òṣíbàtà, ìlà tí ẹ̀rọ fi ya ìmọ́lẹ̀ wọn sì pínyà kedere lójú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, ni wọ́n bá tún ní kí n má sunkún mọ́.

Ibẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ti ń kọjá. Ó rí wa, ó ṣí fìlà pupa orí rẹ̀, ó ní a kú ìrọ́jú, ta ló kú?

Ìyá Kúdí ti dáhùn kí n tó lanu.

"Kò sẹ́ni tó kú. Fìlà ọwọ́ ẹ yẹn, fi pamọ́. Ó ń wọnú machine wa."