Aláìjókòó àti Irin Ìtúlẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Há

Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbé oúnjẹ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ lóko, ìyá ọkọ Aláìjókòó ní kí wọ́n rán ìyàwó ọmọ òun, torí pé kò sẹ́ni tó lè mú un jókòó sílé. Òótọ́ ni. Ìdúró ni obìnrin náà ti ń jẹun. Bí àlejò bá wá kí i, á gbé àga fún un, á wá máa rìn yí i ká títí àlejò á fi bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹnu ọ̀nà. Aláìjókòó ni àdúgbò sọ ọ́, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Katakata ni ọkọ rẹ̀ ń wà. Dírẹ́bà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, títí kan ìyá tó bí i. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í kánjú, kì í pariwo. Ó ń fi katakata náà ro oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì ń bá àwọn aládùúgbò túlẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Aláìjókòó gbé oúnjẹ dé oko, ó rí i pé òun ní láti dúró kí ọkọ òun lọ dé ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún kó tó yí padà. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó gun katakata, ó ní kí ọkọ òun sún. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ó ti mọ̀ ọ́n wà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: irin ìtúlẹ̀ tí katakata náà ń fà. Eyín irin gígùn ni, tí wọ́n tò mọ́ra wọn lórí ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ férémù tó sún mọ́lẹ̀ jù. Lórí ilẹ̀ mímọ́, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n lórí oko tí wọ́n ti kórè àgbàdo, tí pòpórò ṣì sùn kalẹ̀ rẹpẹtẹ, kì í lọ jìnnà kó tó há. Pòpórò kan á fi ara kọ́ eyín, koríko á wá bá a, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ méjèèjì, kí wọ́n tó mọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti di òkìtì tí katakata ń wọ́ kiri. Ilẹ̀ tí wọ́n ní kó tú, gbígbá ló ń gbá a. Wọn á dúró, wọn á gbé irin sókè, ẹnì kan á sọ̀kalẹ̀ lọ fi ọwọ́ yọ ìdọ̀tí. Wọn á tún lọ díẹ̀. Á tún há.

Ní àárọ̀ kan òjò ń ṣú bọ̀, wọ́n sì ń sáré kó má bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin náà ló wà lórí ìjókòó, ọkọ rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀. Wọn ò pa ẹ́ńjìnnì, torí pé bátìrì ti kú tán; bí wọ́n bá pa á, wọn ò mọ̀ bóyá yóò tún dáhùn. Dírẹ́bà ti ọwọ́ bọ abẹ́ irin, ó ń fa pòpórò. Aláìjókòó yíjú wo òjò. Ó yí padà wo ọkọ rẹ̀. Ó sún síwájú, ó sún sẹ́yìn, ó tún yíjú. Bẹ́ẹ̀ ni irin já wálẹ̀.

Ìka méjì ló lọ lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, ojú egbò jiná, ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jà. Kò tilẹ̀ mẹ́nu kan ọjọ́ náà, ìyẹn gan-an ni kò sì jẹ́ kí obìnrin náà gbádùn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìjókòó ni ọ̀pá tó ń gbé irin sókè, tó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀, wà. Níbo ni ìgbọ̀nwọ́ òun wà nígbà tí òun yíjú? Ṣé òun ló kàn án ni, àbí ọ̀pá náà ló gbó tó já fúnra rẹ̀? Bó bá ń fọ abọ́, á dá a lójú pé kì í ṣe òun. Kó tó nu abọ́ gbẹ, á ti dá a lójú pé òun ni. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bí ilé wọn ṣe rí nìyẹn. Ọkọ ń rọra rìn kí ìyàwó má baà rí ọwọ́ òun, ìyàwó ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá.

Kò bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Irin ló lọ bá jà.

Ní ìparí òpópónà wọn ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Jórinjórin wà, àgbàlagbà kan tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kún fún ojú ihò tí iná ta sí i lára. Aláìjókòó fi katakata wọ́ irin ìtúlẹ̀ náà dé iwájú rẹ̀, ó ní kó bá òun ṣe é kó má há mọ́ láyé. Bàbá náà yí i ká, ó ní òun lè gbìyànjú irin tí kì í há, àmọ́ ènìyàn tí kì í kánjú kò sí lọ́wọ́ òun. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kọ́kọ́ yọ eyín kan sílẹ̀ láàárín méjì-méjì. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sóko, kò há, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò tú pọ̀. Koríko dúró ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ebè bí irun tí abẹ fò. Obìnrin náà wá fi ẹfun ya ìlà sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó to àwọn eyín náà sórí rẹ̀, ó tú wọn ká, ó tún wọn tò. Ó ní kí wọ́n dá àwọn tí wọ́n yọ padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tò wọ́n sẹ́yìn, lórí ìlà mìíràn tó jìnnà sí ti iwájú, kí eyín ẹ̀yìn kọjá láàárín àlàfo eyín iwájú. Bàbá Jórinjórin gbà, ó sì gbé férémù sókè kí ìdọ̀tí rí ọ̀nà kọjá lábẹ́ rẹ̀. Èyí dára lórí òkè tó gbẹ. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé ibi tó rọ̀, pòpórò tún wé mọ́ ọn, ó há.

Ọjọ́ kejì ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kí bàbá náà tó ṣí i. Ó ń gbé irin, ó ń sọ irin sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ irin. Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bàbá náà ṣí awò kúrò lójú, ó ní kó fi irin sílẹ̀ ná.

"Ìyàwó wa," ó ní, "bí irin yìí ò bá há mọ́, ṣé ara rẹ máa wá balẹ̀?"

Obìnrin náà tún na ọwọ́ sí eyín irin kan.

"Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Lọ bá ọkọ rẹ sọ ọ́."

Dírẹ́bà wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń kun bàtà àwọn ọmọ. Ó fi orúnkún di bàtà mú, ó ń fi ọwọ́ òsì gbo ó. Obìnrin náà dúró tì í. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó gbé e sílẹ̀.

"Bàbá wọn, ṣé ọwọ́ mi ló kan ọ̀pá yẹn?"

Ọkùnrin náà gbé bàtà sílẹ̀.

"Mo ti rò ó títí ó fi sú mi," ó ní. "Mi ò rí ọwọ́ rẹ níbẹ̀. Mi ò sì lè ní kò sí níbẹ̀. Ojú mi wà lára pòpórò."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ nǹkan kan?"

"Kí ni kí n sọ? Ta ló ní ká má pa ẹ́ńjìnnì? Èmi ni."

Obìnrin náà sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó lọ ra bátìrì tuntun. Ìdáhùn tó gbà kì í ṣe èyí tó ń wá. Ó dà bíi pé wọ́n sọ ẹrù kan kalẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n wá gbé òmíràn tó fúyẹ́ jù ú lọ lé e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, Dírẹ́bà kò fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ nínú ilé mọ́.

Òun náà ló tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ irin yẹn tó o, ó sì mọ ibi tí pòpórò ti ń kọ́kọ́ kọ́. Ó ní ẹsẹ̀ eyín náà gún gbọọrọ jù, ìyẹn ni pòpórò ṣe ń rí i dì mọ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, ohun tó bá kọ́ ọ á yọ̀ gòkè, á jábọ́. Bàbá Jórinjórin ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á tún fi àwọn àwo irin ẹlẹ́nu mímú síwájú, tí yóò máa yí, tí yóò máa gé pòpórò kí eyín tó dé ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí bí àwo náà ṣe máa tóbi tó. Aláìjókòó ní kí wọ́n yéé fẹnu ṣe é.

Ibi tó rọ̀ jù lọ ni wọ́n ti dán an wò, lẹ́yìn òjò. Obìnrin náà wà á. Ọrùn rẹ̀ kò yéé yí sẹ́yìn. Ó ń retí kí katakata wúwo, kí ẹ́ńjìnnì kérora. Àwo ń gé, eyín ń tú, pòpórò ń bọ́ sẹ́yìn ní wẹ́wẹ́, ó ń sùn sórí ilẹ̀ dúdú. Ó dé ìpẹ̀kun oko. Kò gbà á gbọ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ irin. Ewé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń rìn bọ̀ nínú ebè, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ rẹ̀, ó sì béèrè pé kí ló dé tó fi dúró nígbà tí irin ò há.

Àwọn àgbẹ̀ mìíràn wá wò ó, wọ́n sì ní kí Bàbá Jórinjórin ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Ẹni tó bá wá gbé tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù á bá obìnrin náà níbẹ̀, á ní kó ṣèlérí pé kọ́kọ́rọ́ katakata á wà nínú àpò ẹni tó bá fẹ́ lọ sẹ́yìn lọ yọ ìdọ̀tí lábẹ́ irin. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń ṣèlérí.

Ní báyìí tọkọtaya náà ń pín iṣẹ́ oko ṣe, bí ọkọ bá wà á láàárọ̀, ìyàwó á gbà á lọ́sàn-án. Àwọn aládùúgbò ní bí ẹ bá kọjá létí oko wọn, ẹ ó gbọ́ tí obìnrin náà dúró sórí ebè tó ń ju ọwọ́, tó ń pariwo pé kí ọkọ òun tẹ iná dáadáa, ilẹ̀ ń gbẹ. Dírẹ́bà á juwọ́ sí i pẹ̀lú ìka mẹ́ta, á sì máa rọra bá tirẹ̀ lọ.