Àdúgbò Tí Wọ́n Ti Ń Pe Ilé Ní Ulé

Nígbà tí mo rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn kan ní Adó-Èkìtì, ọmọbìnrin wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò sì tíì lè dá jókòó. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ọkọ mi ni ọmọ Èkìtì, ṣùgbọ́n Èkìtì tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju orúkọ lọ. Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá rẹ̀ sì dán bíi ti inú ìwé. Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń sọ ohùn Èkìtì sí i nínú ilé, òun a sì máa fi Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ dá a lóhùn. Ìyá náà ti kú kí n tó mọ ọkọ mi. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi náà kì í sì í béèrè.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún wa ní yàrá kan nítòsí Fájuyì ní Adó títí a ó fi rí ilé. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ti rí ilé-ìwé tí yóò gbà á. Ibi tí a ó máa gbé nìkan ló kù.

Ilé tó kọ́kọ́ wù mí wà ní ẹ́sítéètì tuntun kan lẹ́yìn ìlú. Yàrá mẹ́ta, táìlì nílẹ̀, bọ́hòólù, àti fẹ́ǹsì tó ga ju orí ọkọ mi lọ. Mo ṣí ẹ̀rọ omi ní kíṣìnnì, omi sì tú jáde. Mo ti ń fojú wọn ibi tí màá gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sí. Ọmọbìnrin wa dúró lẹ́nu géètì, ó ń wo òpópónà sókè sódò.

"Màmá, àwọn ọmọ ibí dà?"

"Wọ́n wà nínú ilé wọn."

Lóòótọ́, a ń gbọ́ ohùn ọmọdé kan lẹ́yìn fẹ́ǹsì kejì, ìyá rẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a wí. Ọkọ mi ní ilé náà dára. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì tí kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.

Bí a ti ń padà bọ̀, òjò ká wa mọ́ inú Márúwá. Àgbàrá dí ọ̀nà, awakọ̀ ní òun kò lè gun òkè náà. Ó já wa sílẹ̀ ní àdúgbò àtijọ́ kan tó fẹ̀yìn ti àpáta, níbi tí àwọn ilé ti fara kanra. A sáré bọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó sún mọ́ wa jù. Ìyá àgbà kan jókòó síbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Kò béèrè ẹni tí a jẹ́. Ó fa ọmọbìnrin wa mọ́ra, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ náà.

"Ẹ wọ unú ulé," ó ní. "Òtútù á mú ọmọ yìí."

Ọmọ mi wo ojú mi. "Màmá, kí ni ulé?"

"Ilé ni ìyá ń pè bẹ́ẹ̀."

A wọlé, ṣùgbọ́n ọkọ mi kò tẹ̀ lé wa. Ó kọjú sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú. Mo rò pé omi òjò ni. Ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní ohùn Èkìtì, mo ń gbọ́ díẹ̀, púpọ̀ ń kọjá mi: ó ń sọ ti uṣẹ́ oko tí òjò dá dúró, àti ti ugi kan tí atẹ́gùn wó lẹ́yìnkùlé. Òun náà ló sọ fún wa pé ẹni tó ń gbé òkè ilé òun ti kó lọ. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú pálọ̀ kékeré kan. Kànga ni omi wọn, ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, àtẹ̀gùn sì dúró ṣánṣán débi pé mo fi ọwọ́ kan di ọmọ ẹ̀yìn mi mú nígbà tí mò ń gùn ún. Mo dúpẹ́, mo ní a ó rò ó. Nínú ọkàn mi, mo ti ní rárá.

Nírọ̀lẹ́, bí mo ti ń fún ọmọ lóúnjẹ, mo bi ọkọ mi pé kí ló ṣe é lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

"Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ," ó ní. "Bó ṣe ní 'ulé' yẹn. Àfi bíi pé wọ́n pè mí láti kíṣìnnì."

"Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ ká máa gbé ni?"

"Rárá. Ìwọ ni wàá máa ṣiṣẹ́ òru, ìwọ lò ń pọn ọmọ. Ilé tó lómi ni ká gbà."

Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi fún ọmọ lóúnjẹ, kò sì mẹ́nu kàn án mọ́. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, ǹ bá bá a jiyàn. Bí kò ṣe bẹ̀ mí yẹn ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo lọ fi ìwé ẹ̀rí mi hàn níbi iṣẹ́, mo yà sí àdúgbò náà, èmi àti ọmọ ẹ̀yìn mi. Mo bá ìyá náà lórí ìjókòó rẹ̀.

"Ìyá, ṣé omi kànga yín máa ń tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?"

"Kì í tó. Ó máa ń gbẹ. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún la ti máa ń lọ pọn."

"Ṣé ibí máa ń dákẹ́?"

"Kì í dákẹ́. Àwọn Àládùúrà wà lẹ́yìn wa, agogo wọn kì í sùn. Ewúrẹ́ á sì jẹ ohunkóhun tí o bá sá."

Ẹ̀rín pa mí. "Tí mo bá wà níbi iṣẹ́, ta ni yóò máa wà nílé?"

"Ìgbà wo ni èmi kì í sí nílé?"

Ó nawọ́ gba ọmọ. Ọmọ fi igbe ta. Kò dá a padà fún mi. Ó ń gbé e káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí igbe fi rẹ ọmọ náà.

"Yóò mọ̀ mí," ó ní.

Mo padà lọ bá ọkọ mi, mo ní ilé ìyá la ń lọ, pé òun ọkọ mi ni yóò máa pọn omi, kó sì wá kápẹ́ńtà tí yóò kan géètì sórí àtẹ̀gùn kí ọmọ má baà ṣubú.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì mú un pẹ́.

Kò rọrùn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, kànga gbẹ bí ìyá ti wí. Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sí omi tí mo lè fi wẹ̀, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Ìyá gbọ́. Ó da omi mímu inú àmù rẹ̀ sínú báàfù, ó gbé e síwájú mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nǹkan mìíràn tún bí mi nínú. Ọmọbìnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀: "Ṣé o ti jẹun?" Ní Ìbàdàn, ọmọ tó bá fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀ ń wá ìgbátí. Mo gbọ́wọ́ sókè, ìyá dá mi dúró.

"Fi í sílẹ̀. Bí èmi náà ṣe ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀wọ̀ wà lójú rẹ̀, mo rí i."

Ọmọ ló kọ́kọ́ mọ ohùn náà sọ, bàbá rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Nírọ̀lẹ́, yóò máa ṣe máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì máa dán an wò pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á ní ohùn rẹ̀ kò dún bíi tàwọn. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á tún un sọ.

Nígbà ọdún Àjíǹde, a lọ sí Ìgbẹmọ, ìlú ìyá ọkọ mi, láti kí ẹ̀gbọ́n ìyá náà, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú wọn. Ọmọbìnrin wa kí i, màmá náà sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ohùn Adó?"

"Ṣé ó burú ni, Màmá?" mo béèrè.

"Kò burú. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa."

Ọkọ mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó sì fi ohùn Èkìtì sọ fún un pé àwọn ọmọ òun rèé, pé òun ti kó wọn dé sítòsí báyìí. Ẹ̀rín kúrò lójú màmá. Ó wo ẹnu ọkọ mi fún ìgbà díẹ̀.

"Tìrẹ kì í ṣe ohùn Adó," ó ní. "Bí àbúrò mi ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn."

Ó mú ọwọ́ rẹ̀, kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá.

Wọ́n di ìrẹsì oko wọn fún wa. Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin wa sùn sí mi láyà, ọmọbìnrin wa sì wà lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Dádì, ṣé ìyá rẹ mọ̀ mí?"

"Kò mọ̀ ọ́. O kò tíì dé ayé nígbà náà."

"Báwo ló ṣe rí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un: bí ìyá òun ṣe máa ń fi orúkọ pe àwọn adìyẹ rẹ̀ ní Kàdúná, bó ṣe máa ń gún iyán láàárín àwọn tí kò mọ iyán, tí wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà máa wò ó. N kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀ rí. Mo di ojú, kó lè rò pé mo ti sùn, kó sì máa sọ ọ́ lọ.