Kábéèjì Tí Ìyá Ọkọ Mi Gé Lórí

Nígbà tí mo jáde sẹ́yìnkùlé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi ni mo bá nínú ọgbà. Ó ti ró aṣọ mọ́ àyà, ó sì gbé abọ́ ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Abọ́ náà kún fún ewé kábéèjì.

"Ìyàwó mi, ẹ̀fọ́ rẹ yìí mà dára o," ó wí. "O kàn ń wò ó, o ò já a. Mo ti bá ọ gé e lórí, kó lè pẹ̀ka."

Mo kúnlẹ̀ kí i. Lẹ́yìn náà ni mo wá wo ebè tó dúró sí. Ebè Làdí ni.

Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà náà, ní ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin kan ní Minna. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni. Lára ìdánwò àṣejáde wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbin ewébẹ̀ kan títí yóò fi gbó, kí olùyẹ̀wò tó ń bọ̀ láti ìta wá wò ó, kó sì bi í ní ìbéèrè. Kábéèjì ni mo yàn, nítorí pé ó fẹ́ràn òtútù ọyẹ́, ọyẹ́ kò sì wọ́n wa ní Minna. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ilé-ìwé bàjẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà gan-an. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo sì kó àwọn ọmọ wá sẹ́yìnkùlé mi ní Jikpan, níbi tí kànga wà. A kọ orúkọ kálukú sára igi pẹlẹbẹ, a rì í mọ́ orí ebè rẹ̀. Ti Làdí ló sún mọ́ ilé ìdáná jù.

Ọ̀fà ni Màmá ti wá, ó fẹ́ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kábéèjì tó mọ̀ ni èyí tí wọ́n ti rẹ́ wẹ́wẹ́ sínú sàláàdì. Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ló ti ń gbìn láti ìgbà èwe, bí a bá sì gé ìwọ̀nyẹn lórí, ṣe ni wọ́n ń pẹ̀ka, tí a ó tún padà wá já wọn. Ti kábéèjì kò rí bẹ́ẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣeun," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ yìí máa ń ní orí."

"Ẹ̀fọ́ wo ló ń ní orí? Ṣé ewúrẹ́ ni?"

"Àwọn ewé àárín rẹ̀ ló máa ń dì mọ́ra, Mà. Ibi tí ẹ gé yìí ni ìbá ti dì."

Ó wo abọ́, ó wo ebè. "Ta ló ni ín?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni. Òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdánwò fún un."

"Yéè! Mo ti já ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ sínú abọ́!"

Nígbà tí àwọn ọmọ dé lọ́sàn-án, Làdí, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Limawa, gbé ọwọ́ lérí. "Kai! Haba! Mo gbé!" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣàánú rẹ̀. "Làdí, ṣé ọbẹ̀ lo máa gbé síwájú olùyẹ̀wò?"

Kò sí àyè láti gbin òmíràn mọ́. Ọyẹ́ yóò ti lọ kí ó tó dì. Mo ní kó fi gbòǹgbò wọn sílẹ̀. Láìpẹ́, ọ̀mùnú kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kábéèjì tí a gé. Bí a bá fi gbogbo wọn sílẹ̀, ìkankan kò ní dì dáadáa. Nítorí náà mo kọ́ ọ pé kó yan èyí tó lágbára jù lórí igi kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ọwọ́ ré ìyókù dànù.

Màmá ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ ò wá rí wọn! Wọ́n ní kí n má gé e, àwọn náà ń gé e."

Láti ọjọ́ náà, Màmá fi ara rẹ̀ ṣe olùtọ́jú ebè náà. Ó ń bomi rin ín, ó ń wọ́n eérú sí i nítorí kòkòrò, ó sì ń lé adìẹ. Kò gbọ́ Hausa, Làdí kò gbọ́ Yorùbá.

"Sannu da aiki, Kaka," ni Làdí máa ń wí, bí wọ́n ṣe ń kí ìyá àgbà kú iṣẹ́.

"Sannu, ọmọ mi. Ibí yìí ò tíì mu omi tó."

"To, Kaka." Yóò sì lọ fa omi, nítorí ó ti rí ibi tí ọwọ́ Màmá ń nà sí.

Lọ́jọ́ tí olùyẹ̀wò dé, kábéèjì àwọn yòókù ti tóbi bí ìkòkò. Ti Làdí kò ju ọsàn lọ. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan. Ó le dáadáa.

"Kí ló ṣe tìrẹ?"

"Wọ́n gé e lórí, sà."

"Ta ni?"

Màmá dúró síbẹ̀, ó mú agbè omi lọ́wọ́. Làdí wojú rẹ̀ díẹ̀. "Kaka ni, sà. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀fọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń bomi rin ín."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọ̀mùnú kan péré ló wà lórí igi kọ̀ọ̀kan?"

"Mo ré ìyókù ni, sà. Oúnjẹ tó wà nínú ilẹ̀ kò lè tó gbogbo wọn."

Ó tún bi í ní òmíràn àti òmíràn, Làdí sì ń dáhùn. Ọkùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó kọjá sí ebè tó kàn. Ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa.

Màmá ti padà sílé kí èsì tó jáde. Nígbà tí mo lọ kí i ní Ọ̀fà, kò tíì jẹ́ kí n jókòó tó fi béèrè.

"Làdí ńkọ́?"

"Ó yege, Mà. Ó yege dáadáa."

Ó pàtẹ́wọ́. "Mo mọ̀! Gígé yẹn ló ràn án lọ́wọ́."

"Màmá, ká ní ẹ ò gé e ni, ìbá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Àwọn tí tiwọn tóbi, ṣé ọ̀gá yẹn bi wọ́n ní ìbéèrè tó tèyí tó bi Làdí?"

"Rárá, Mà."

"Ta ló wá jẹ́ kó rí ohun tó máa sọ?"

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, àṣìṣe àwọn ẹlòmíràn ni mo fi ń jẹun. Mo máa ń tún un ṣe ni. Lọ́jọ́ náà, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Mà."