Súùtù Tí Bàbá Gloria Wọ̀ Lọ Kí Àwọn Ará Bahia

Krr, krr, krr. Ìró ẹ̀rọ tí ìyá-àgbà rẹ̀ fi ń lọ kọfí láàárọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí Gregory rántí láyé, ìyẹn àti ohùn ìyá arúgbó náà tó ń kùn ní èdè Potogí, èdè tó gbé ti Bùràsíìlì bọ̀. Gregory fúnra rẹ̀ ti darúgbó, ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ télọ̀, nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Èkó. Ó wọ sáíbà kafé Ṣèyí ní òpópónà Bámgbóṣé, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù sì ké: krr, krr, krr. Gregory dúró ṣanṣan, ó ṣí akẹtẹ̀ lórí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ló wí fún ẹ̀rọ náà.

Súùtù aláwọ̀ eérú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wọ̀, tòun ti táì. Ṣèyí bá a wọ yàrá ìtàkúrọ̀sọ kan lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí àwọn ará Bahia ní Bùràsíìlì ti ń kọ́ àlejò ní Potogí.

"Ṣé wọ́n ti rí mi báyìí?"

"Rárá o, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tá a bá tẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí."

Gregory wo bàtà rẹ̀ tó ti nù títí tó ń dán.

"Ó dáa. Sọ fún wọn pé mo wọ súùtù."

Gbogbo Kámpọ̀ọ̀sì, àdúgbò wọn l'Ékòó, ló mọ ìtàn yìí. Angela, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló mọ ohun tó gbé e débẹ̀. Lọ́dọọdún ní Jímọ̀ Olóyin, ọjọ́ tí Jésù kú, gbogbo ẹbí máa ń péjọ sílé wọn láti jẹ fùréjọ̀n, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Nígbà ayé ìyá-àgbà, Potogí ni wọ́n fi ń gbàdúrà sí i. Ìyá kú, àdúrà náà bá a lọ. Lọ́dún tó ṣáájú sáíbà kafé, Gregory dìde pé òun á gbà á. Ó dé àárín, ó há. Ó la ẹnu, ohùn ò jáde. Christian, àbúrò rẹ̀, bá pariwo "Àmín!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mú ṣíbí.

"Ìyá Gloria," Gregory wí fún Angela lálẹ́ ọjọ́ náà, "mi ò ní kú láì parí àdúrà yẹn."

Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láì kí i. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ yàrá náà, Gregory á bi í léèrè ara, ilé, ọmọ àti òbí. Kí ó tó kí wọn tán, àkókò tó sanwó fún á ti tán.

"Kí lẹ kọ́ lónìí?" Angela á bi í.

"Mo kọ́ pé ara gbogbo wọn le."

Nígbà tó yá, orúkọ Teresa, ọ̀kan nínú àwọn ará Bahia náà, wá pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Teresa ní Gregory ń gbìyànjú; Teresa ní kó tún un kọ. Lọ́jọ́ kan Angela wé gèlè, ó tẹ̀ lé e.

"Bàbá Gloria, ẹ bi í bóyá ó lọ́kọ."

Gregory fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Èsì dé.

"Ó ní òun lọ́kọ."

"Ta ni?"

"Jésù. Sísítà ni, ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ló ń gbé."

Angela ti kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà kó tó rántí pé Sísítà ò rí òun.

"Má ṣèyọnu," ni Gregory wí. "Màá sọ fún un pé o kúnlẹ̀."

Sísítà yìí ló ń kọ́ ọ ní àdúrà náà díẹ̀díẹ̀. Àárín wọn fẹ́ bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣá. Sísítà ní ẹ̀rọ làwọn fi ń lọ ẹ̀wà Jímọ̀ Olóyin tàwọn, àwọn kì í fi aṣọ sẹ́ ẹ. Gregory lu tábìlì.

"Tẹ̀ ẹ́ sí i, Ṣèyí! Nígbà tí ìyá-àgbà mi kúrò ní Bahia, ó di gbogbo rẹ̀ sínú ẹrù. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ rántí? Aṣọ la fi ń sẹ́ ẹ, ẹni méjì ní í fún un. Ẹni tó bá dá a fún, tirẹ̀ á kan!"

Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé nìyẹn lóòótọ́. Angela á di etí aṣọ kan mú, Gregory á di èkejì, wọ́n á máa lọ́ ọ, Gregory á máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta ní Potogí: um, dois, três. Angela á ní kó dákẹ́ ariwo.

Jímọ̀ Olóyin dé. Gregory dìde pẹ̀lú súùtù rẹ̀. Ó dé ibi tó há sí lọ́jọ́sí, Angela di etí tábìlì mú, ọkọ rẹ̀ sì kọjá bí omi. Ó parí àdúrà ìyá-àgbà, kò jókòó. Ó gbàdúrà fún Sísítà, fún Ṣèyí, fún wáyà tẹlifóònù. Fùréjọ̀n tutù. Christian la ojú kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ká ṣe àmín?"

"Dákẹ́ jàre. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Ọlọ́run tán ni."

Kí ọdún náà tó parí, Gregory sùn, kò jí. Ṣèyí ló tẹ ìròyìn náà sí àwọn ará Bahia. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá bá Angela nílé.

"Màmá, gbogbo wọn péjọ sínú yàrá yẹn lọ́jọ́ ìsìnkú, kálukú níwájú kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn wọ súùtù."

Angela rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Nígbà tí Jímọ̀ Olóyin tún kù sí dẹ̀dẹ̀, Gloria ọmọ wọn ní òun á tètè wá bá a fún ẹ̀wà. Angela ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó da ẹ̀wà lílọ̀ sínú aṣọ, ó so etí kan mọ́ irin fèrèsé, ó di èkejì mú, ó ń lọ́ ọ.

"Um," ó ní. "Dois." Omi ẹ̀wà ń kán sínú abọ́. "Três."

Nígbà tí aṣọ gbẹ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ìka bọ abọ́, ó tọ́ ọ wò.

Kò kan.